Ẹ Bi Wá: Ìwé Èsì Ní «Pọ́sítíìfù» Sífílísì, Àyẹ̀wò Wo Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Lẹ́tà tó wọlé lórí àyẹ̀wò sífílísì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. A kà wọ́n, a tún wọn kà, a sì rí i pé ohun kan náà ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù: wọ́n fún èèyàn ní ìwé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, wọn ò sì sọ àyẹ̀wò tó mú ọ̀rọ̀ náà jáde. Àyẹ̀wò sífílísì kì í ṣe ẹyọ kan. Oríṣi méjì ni, ohun tí ọ̀kan ń wá sì yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń wá. Ẹni tó bá ka èsì ọ̀kan bíi ti èkejì lè da ilé ara rẹ̀ rú láìnídìí, ó sì lè gbé àrùn pamọ́ sára láìmọ̀. A mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, a sì dáhùn wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi níbi ìforúkọsílẹ̀ aláboyún, ìwé tó jáde sì kà pé «VDRL: Reactive». N kò ní egbò rí lójú ara, kò sí ibi tó ń dùn mí. Ọkọ mi ti ń wò mí tìfuratìfura. Ṣé lóòótọ́ ni mo ní sífílísì? — Aláboyún tí kò rí oorun sùn

Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ẹ fara balẹ̀ ká jọ wò ó. «Reactive» túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò náà dáhùn, ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́sítíìfù nìyẹn.

VDRL àti RPR, àwọn àyẹ̀wò oríṣi àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kì í wá kòkòrò sífílísì rárá. Èròjà agbóguntàrùn tí ara ń ṣe sí ọ̀rá kan ni wọ́n ń wá. Cardiolipin ni orúkọ ọ̀rá náà, ó sì máa ń já jáde nígbà tí àrùn bá ń ba ara jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé orí ọ̀rá yẹ fún mímọ̀. Ní 1906, August von Wassermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì lo ẹ̀dọ̀ ọmọ tí sífílísì pa sínú oyún láti fi ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, torí wọ́n gbà pé kòkòrò tó kún inú ẹ̀dọ̀ náà ló ń mú iṣẹ́ ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn míì fi rí i pé ẹran ara tí kò lárùn kankan, títí kan ọkàn màlúù, ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní 1941, Mary Pangborn yọ ọ̀rá yẹn gan-an jáde láti inú ọkàn màlúù. Òun ló ṣì wà nínú ìgò VDRL àti RPR títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò yìí fi lè pariwo nígbà tí kò sí sífílísì nílé. Ibà, àrùn HIV, ẹ̀tẹ̀, lupus (àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà), abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ọjọ́ orí tó ti lọ, àti oyún fúnra rẹ̀ lè mú kó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ irú ariwo báyìí, nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn bí wọ́n ṣe fi omi la ẹ̀jẹ̀ náà tó kí àyẹ̀wò tó dákẹ́, kì í sábà ga ju 1:8 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà kékeré dá ara yín láre o: sífílísì tó ti pẹ́ lára náà máa ń ní nọ́ńbà kékeré.

Ohun tó kù fún yín ni oríṣi kejì, èyí tó ń wá agbóguntàrùn tí ara ṣe sí kòkòrò Treponema pallidum fúnra rẹ̀. TPHA, TPPA, FTA-ABS àti àwọn àyẹ̀wò ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní EIA tàbí CLIA wà níbẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà náà ni wọ́n ti lè ṣe é. Bí oríṣi méjèèjì bá dáhùn, sífílísì ti wọ ara yín nígbà kan, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ti wò ó sàn. Bí VDRL nìkan bá dáhùn tí TPHA tàbí TPPA kò dáhùn, ariwo lásán ló sábà máa ń jẹ́.

Ní ti egbò tí ẹ kò rí: ìyẹn kò fi ohunkóhun hàn. Egbò àkọ́kọ́ sífílísì kì í dunni. Lára obìnrin, ó lè wà lókè lọ́hùn-ún lẹ́nu ilé ọmọ níbi tí ojú ò lè dé, á sì jinná fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà láìgba oògùn. Kòkòrò náà á kàn fara pamọ́ sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, a fẹ́ kí baálé yín ka ìlà yìí: kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó lè sọ ẹni tó kó àrùn ran ẹnì kejì, tàbí ọdún tó wọlé. Kí òun náà lọ ṣe tirẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àkókò. Kòkòrò yìí máa ń gba inú olóbì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ó lè ba oyún jẹ́, ọmọ sì lè kú sínú. Fún aláboyún, bí èsì àyẹ̀wò kejì bá máa pẹ́, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kì í dúró dè é. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, torí ewu abẹ́rẹ́ tí kò pọn dandan kéré púpọ̀ sí ewu ọmọ tí a kò tọ́jú. Benzathine penicillin yúníìtì mílíọ̀nù 2.4 ni, sínú ẹran ìdí. Bí sífílísì náà bá jẹ́ tuntun, ẹ̀ẹ̀kan ló tó. Bí ó bá ti ju ọdún kan lọ, tàbí tí a kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara wọn. Ó yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó bímọ. Fún aláboyún, kò sí oògùn míì tó dájú pé ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ara yín kì í bá gba pẹnisílíìnì, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n lè mú ara yín mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ní ọsibítù, kí wọ́n má kàn fi oògùn míì dípò rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ sífílísì. Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi wá lọ ṣe àyẹ̀wò kí a tó ṣègbéyàwó. Wọ́n gún ìka mi, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí kékeré kan, ìlà méjì sì yọ. Ó ní irọ́ ni mo pa pé ara mi ti yá. — Ọkọ ìyàwó lọ́la

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má pa irọ́ kankan. Oríṣi kejì ni páálí yẹn, èyí tó ń wá agbóguntàrùn sí kòkòrò fúnra rẹ̀. Bí ara bá ti ṣe agbóguntàrùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà jẹ́ kó lọ mọ́, ì báà jẹ́ pé kòkòrò ti kú tán. Egbò ti jinná, àpá ló kù. Àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú nígbà tí egbò àkọ́kọ́ ṣì wà lára wọn ni díẹ̀ lára wọn, bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń padà di nẹ́gétíìfù lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta. Àwọn yòókù á ru àpá náà títí ayé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, «VDRL» ni wọ́n ń kọ sórí ìwé èsì páálí yìí, torí orúkọ tó mọ́ wọn lẹ́nu nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. VDRL gidi kì í ṣe páálí oníka. Lábẹ́ maikirosikópù ni wọ́n ti ń kà á, pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fi ooru 56°C mú gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ìwé, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: «Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí páálí ni, àbí RPR tí ẹ fi omi là?» Ìdáhùn ìbéèrè yẹn nìkan máa ń tó láti mú ọkàn balẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe RPR, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ẹ gba abẹ́rẹ́ pé, ẹ ò nílò abẹ́rẹ́ míì. Bí ó bá dáhùn, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún yín nígbà tí ẹ parí ìtọ́jú. Bí ó bá ti fi ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju tàtijọ́, ó jọ pé ẹ ti tún kó o. Èèyàn lè kó sífílísì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Agbóguntàrùn tó wà nílẹ̀ kì í dáàbò boni.

Ẹlòmíì tún wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: páálí tàbí EIA dáhùn, RPR kò dáhùn, kò sì gba ìtọ́jú rí láyé. Kò gbọ́dọ̀ kàn lọ sílé. Ó lè jẹ́ àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó lè jẹ́ èyí tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí RPR ti sùn, páálí náà sì lè ṣìnà. TPPA ni wọ́n fi ń yanjú ẹ̀. Bí ìyẹn náà bá dáhùn, tí kò sì sí ìtàn ìtọ́jú, dókítà á tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ti pẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àrùn awọ ara tí wọ́n ń pè ní yaws, tó máa ń mú àwọn ọmọdé tí kì í sì í ṣe ti ìbálòpọ̀, jẹ́ ọmọ ìyá kòkòrò yìí. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá tún dé ìdí páálí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìlà olùṣọ́, èyí tó ń fi hàn pé páálí ń ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ yọ. Bí kò bá yọ, páálí ti bàjẹ́, kí wọ́n mú òmíràn. Ìlà àyẹ̀wò tó rí fírífírí, tó ku díẹ̀ kí ojú má rí i, pọ́sítíìfù ni. Àkókò kíkà wà lára ìwé tó bá a wá, ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló sábà máa ń jẹ́. Páálí tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì fún wákàtí kan kò ṣeé kà mọ́, torí bó ṣe ń gbẹ, ìlà tí kì í ṣe ìlà lè yọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, RPR mi jẹ́ 1:32. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó di 1:8, inú mi dùn. Lósẹ̀ tó kọjá ó tún di 1:16. Ṣé àrùn náà ti padà ni? — Ẹni tó ń ka nọ́ńbà

Rárá, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí nọ́ńbà yìí ṣe ń wáyé. Wọ́n á fi omi iyọ̀ la omi ẹ̀jẹ̀ yín sí méjì, wọ́n á tún la ìyẹn sí méjì, wọ́n á tún là á, títí tí àyẹ̀wò kò fi ní dáhùn mọ́. Ibi tó ti dáhùn kẹ́yìn ni wọ́n á kọ. Àkàbà ni: 1:1, 1:2, 1:4, 1:8, 1:16, 1:32. Èèyàn kan náà, lórí ẹ̀jẹ̀ kan náà, lè rí 1:8 láàárọ̀ kó sì rí 1:16 lọ́sàn-án. Àtẹ̀gùn kan sókè tàbí sílẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Àtẹ̀gùn méjì, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin, ló ń sọ̀rọ̀.

Láti 1:32 sí 1:8 jẹ́ àtẹ̀gùn méjì sílẹ̀, ìtọ́jú yín ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Láti 1:8 sí 1:16 jẹ́ àtẹ̀gùn kan. Ká ní ó dé 1:32 ni, ẹ̀rù á bà wá, a ó sì ní kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ ti tún kó o lára ẹni tí ẹ jọ ń sùn tí kò tíì gba ìtọ́jú, tàbí kí ìtọ́jú ti kùnà. Wọ́n á tún ṣàyẹ̀wò HIV fún yín nígbà náà, dókítà sì lè fẹ́ wo omi ọ̀pá ẹ̀yìn.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ ní láti mú dání. Ẹ má gbé nọ́ńbà VDRL wé ti RPR. Ti RPR sábà máa ń ga díẹ̀ jù ú lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe, láàbù kan náà ni kí ẹ máa lọ. Ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tí a ó fi ṣe ìpìlẹ̀, torí bí wọ́n bá lo ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nọ́ńbà lè ti gòkè láàrin méjì, a kò sì ní mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́fà àti méjìlá ni ẹ máa padà wá, pẹ̀lú oṣù mẹ́rìnlélógún bí àrùn náà bá ti pẹ́ lára. Ẹni tó ní HIV gbọ́dọ̀ wá léraléra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, kí ẹ má baà máa retí ohun tí kò ní dé: àwọn kan wà tí nọ́ńbà wọn á sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ, á wá dúró sí 1:2 tàbí 1:4, kò sì ní kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú tó péye. Abẹ́rẹ́ àgúntúngún kì í sábà lé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ṣẹ́ ní láàbù. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan wá tí nǹkan pupa pupa sú sí ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. RPR mi kò dáhùn, TPHA dáhùn gan-an. Ọ̀gá mi ní kí n fi omi là á kí n tún un ṣe, ó sì jáde ní 1:128! Kí ló dé? Kí ni mo sì lè ṣe kí RPR má tàn mí mọ́? — Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ọ̀gá yín mọ iṣẹ́, ẹ máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Prozone ni wọ́n ń pe ohun tí ẹ rí yẹn.

Ẹ fojú inú wo kóró ọ̀rá cardiolipin tó ń léfòó nínú ẹ̀kán omi, tí èédú wà láàrin wọn kí ojú wa lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Agbóguntàrùn kọ̀ọ̀kan ní ju ọwọ́ kan lọ. Bí ọwọ́ kan bá di kóró yìí mú, tí èkejì di kóró tọ̀hún mú, gbogbo wọn á so mọ́ra, èédú á há sí àárín wọn, ẹ ó sì rí dúdú tó ṣù. Ṣùgbọ́n bí agbóguntàrùn bá pọ̀ ju kóró lọ rẹpẹtẹ, wọ́n á bo kóró kọ̀ọ̀kan yí ká, ọwọ́ kejì kò ní rí àyè tó ṣófo dì mú, kóró kò sì ní so mọ́ra. Káàdì tí wọ́n ń ṣe RPR lé lórí á tẹ́ rẹrẹ bíi ti ẹni tí kò lárùn. Bí ẹ ti fi omi là á, agbóguntàrùn dín kù, kóró rí ọwọ́ ara wọn dì mú. Ìpele kejì sífílísì, nígbà tí agbóguntàrùn pọ̀ jù lọ, ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn náà ń ràn lára rẹ̀ gan-an ló máa ń fi pamọ́. Bí ìwé dókítà bá ti sọ pé ara sú, tàbí tí aláìsàn jẹ́ aláboyún tàbí tó ní HIV, tí èsì kò sì bá ohun tí ojú rí mu, ẹ fi omi là á kí ẹ tó kọ «Non-reactive». Bí káàdì tí ẹ kò fi omi là bá rí ṣákaṣàka, tí kò tẹ́ tán tí kò sì ṣù tán, ẹ fi omi là á bákan náà.

Ní ti bí RPR kò ṣe ní tàn yín mọ́, a ó sọ ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù.

Fíríìjì ni àkọ́kọ́. Láàrin 2°C sí 8°C ni èròjà RPR, ìyẹn omi ọ̀rá àti èédú inú ìgò, ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ dì sí yìnyín láé. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ó bó ṣe tutù yẹn. Òun àti omi ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n ooru yàrá, 23°C sí 29°C. Bí ó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn á rẹlẹ̀, ẹ ó pàdánù àwọn tó rẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí yàrá bá gbóná jù, ìdáhùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi tẹmomítà sára ògiri, ẹ máa kọ ohun tó kà sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Abẹ́rẹ́ ni èkejì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń kọjá láìwò. Abẹ́rẹ́ oní-gauge 20 tó ń kán èròjà gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kán 60 jáde nínú mílílítà kan. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ fa mílílítà 0.5 sínú síríńjì, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, ẹ máa ka ẹ̀kán. 29 sí 31 ló dára. Bí ó bá jẹ́ 26, ẹ̀kán yín ti tóbi jù. Bí ó bá jẹ́ 35, ó ti kéré jù. Ẹ ju abẹ́rẹ́ náà nù. Bí abẹ́rẹ́ bá dùbúlẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń kán an, ẹ̀kán kì í dọ́gba.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ káàdì. Omi ẹ̀jẹ̀ máíkírólítà 50 sí inú agbo tó fẹ̀ tó mìlímítà 18, ẹ tẹ́ ẹ kó kún agbo náà láì jẹ́ kó kọjá etí. Ẹ gbọn ìgò èròjà díẹ̀ kí èédú tó sùn sí ìsàlẹ̀ lè dìde. Ẹ da ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, torí afẹ́fẹ́ lè wà nínú rẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí agbo kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì rò ó. Ẹ̀rọ ló máa pò ó. Ìyípo 100 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, lábẹ́ ìdérí tó ní tìmùtìmù tútù nínú. Ìdérí yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ẹ kò bá lò ó, etí agbo á gbẹ, èédú á kó jọ síbẹ̀, ẹ ó sì pe ẹni tí kò lárùn ní pọ́sítíìfù. Bí ẹ bá jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí pé fóònù dún, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀.

Kíá tó bá dúró ni kí ẹ gbé káàdì sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì kà á. Èyí tí kò dáhùn máa ń dà bí eérú tí a pò mọ́ omi, tó dán bọ̀rọ̀, nígbà míì pẹ̀lú bọ́tìnì dúdú kan ṣoṣo ní àárín. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ máa ń kọ bọ́tìnì yẹn sílẹ̀ bíi pọ́sítíìfù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáhùn ní ṣíṣù tó fọ́n ká, bó ti wù kó wẹ́ mọ. Kò sí «díẹ̀díẹ̀» níbẹ̀: bí ó bá ṣù rárá, ó dáhùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi là á láti wá nọ́ńbà rẹ̀.

Fún lílà, ẹ fi omi iyọ̀ 0.9% máíkírólítà 50 sínú agbo kejì dé ìkarùn-ún. Omi ẹ̀jẹ̀ máíkírólítà 50 wọ agbo àkọ́kọ́, 50 míì wọ agbo kejì. Ẹ fà á sókè kí ẹ tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà láìṣe ìfófòó, ẹ gbé 50 lọ sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkarùn-ún, kí ẹ sì da 50 tó kẹ́yìn nù. Ìyẹn gbé yín dé 1:16. Bí 1:16 bá ṣì dáhùn, ẹ má kàn máa fi omi iyọ̀ lásán là á lọ. Ẹ po omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò lárùn mọ́ omi iyọ̀ ní 1:50, ìyẹn ni kí ẹ fi máa là á láti ibẹ̀ lọ.

Olùṣọ́ mẹ́ta, ìyẹn omi ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú àwọn aláìsàn láràárọ̀: èyí tó dáhùn gan-an, èyí tó dáhùn díẹ̀, àti èyí tí kò dáhùn. Ọ̀pọ̀ ń fo èyí àárín torí kí èròjà má baà tètè tán. Òun gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ kígbe bí èròjà bá ti ń kú, nígbà tí èyí tó dáhùn gan-an ṣì ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kò ṣe.

Egbò kan yọ lójú ara mi ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, kò dùn mí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní nẹ́gétíìfù. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀? — Ọ̀dọ́kùnrin

Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Egbò máa ń yọ láàrin ọjọ́ 10 sí 90 lẹ́yìn tí kòkòrò wọlé, ọjọ́ 21 ló sábà máa ń jẹ́. Agbóguntàrùn tí RPR ń wá sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn egbò kó tó tó ohun tí káàdì lè rí. Àárín yẹn ni ẹ wà. Ẹ padà lọ fi egbò náà han dókítà kó tó jinná, ẹ má fi ìpara kankan pa á. Níbi tí wọ́n bá ti ní ohun èlò, wọ́n lè fi omi ojú egbò náà wá kòkòrò fúnra rẹ̀, yálà pẹ̀lú maikirosikópù abẹ́ òkùnkùn tàbí PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá kòkòrò náà. Bí ohun èlò kò bá sí, dókítà tó bá fura lè tọ́jú yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹni tí ẹ bá lò pọ̀ láàrin oṣù mẹ́ta tó kọjá gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú. Wọ́n sábà máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ kódà bí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ bá jẹ́ nẹ́gétíìfù, torí òun náà lè wà ní àárín kan náà.

Ṣé kí n má jẹun kí n tó lọ? — Ìbéèrè kúkúrú

Ẹ jẹun.

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta pé, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó bímọ. Ara ọmọ mi le, ó ń mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n RPR rẹ̀ jẹ́ 1:4, tèmi jẹ́ 1:8. Ṣé mo ti kó o ràn án? — Ìyá ọmọ tuntun

Ẹ kú ewu ọmọ. Agbóguntàrùn yín máa ń gba inú olóbì kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè dáhùn láìjẹ́ pé kòkòrò kan wà lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ni pé wọ́n á fi nọ́ńbà ọmọ wé ti ìyá, pẹ̀lú àyẹ̀wò kan náà, ní láàbù kan náà. Bí ti ọmọ bá fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti ìyá lọ, bíi ká ní tiyín jẹ́ 1:8 tirẹ̀ sì jẹ́ 1:32, ọmọ náà ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kéré nìkan kò dá ọmọ sílẹ̀. Ohun tó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni pé abẹ́rẹ́ yín pé, ó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kí ẹ tó bímọ, pẹ̀lú pé ara ọmọ le. Kí dókítà ọmọdé ṣáà wò ó látòkè délẹ̀: ẹ̀dọ̀, awọ ara, imú tó ń dà.

Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ inú ìwọ́, kí wọ́n tún un gbà láti ara ọmọ fúnra rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ìyá lè dà mọ́ ti ìwọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi páálí oníka dájọ́ fún un. Agbóguntàrùn tí páálí ń wá lè wà lára rẹ̀ títí yóò fi pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti yín sì ni.

Láti ìsinsìnyí, kí wọ́n máa ṣe RPR fún un ní oṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, nọ́ńbà yẹ kó ti máa sọ̀ kalẹ̀. Tó bá pé oṣù mẹ́fà, kò yẹ kó dáhùn mọ́ rárá. Bí ó bá ṣì ń dáhùn nígbà náà, tàbí tó ń gòkè láàrin kan, ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà. Pẹnisílíìnì ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa ń fún ọmọ tí àrùn náà bá wà lára rẹ̀.